Ìrìn-Àjò Ọdẹ́rìndé sí Ìlú tí Wọ́n ti Bí Sọ́rì

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tó bá jókòó sínú oòrùn, kó wá sábẹ́ igi odán. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lẹ́nu, kó gbé e mì kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ariwo eyín. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Èmi ni Akínlàbí tó fi ọwọ́ òsì yìnbọn pa ẹfọ̀n nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún ń họ imú. Èmi ni mo wọ ihò ọ̀nì, tí mo bá a níbi tó ti ń sùn, tí mo ní kó sún fún mi. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, bí o bá rò pé irọ́ ni, lọ bi ọ̀nì. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀rẹ́ mi ni, Ọdẹ́rìndé ará Òkè-Àfọ̀n, ẹni tó mọ ọdẹ ṣe jù mí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Bí mo bá dé ibì kan tí ohùn mi há, kí ẹnikẹ́ni má bu omi fún mi. Kì í ṣe òùngbẹ ni.

Ọdún mọ́kànlá ni Ọdẹ́rìndé àti Ìbídùn aya rẹ̀ fi wojú Ọlọ́run kí wọ́n tó rí ọmọ kan ṣoṣo bí. Obìnrin ni ọmọ náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọdẹ́bùnmi. Kí ọmọ yìí tó dé, "Ẹ gbọ́ ná" ni Ìbídùn ń pe ọkọ rẹ̀, nítorí obìnrin wa kì í dárúkọ ọkọ, kò sì tíì rí ọmọ tí yóò fi orúkọ rẹ̀ pè é. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ó ti di "Bàbá Ọdẹ́bùnmi" ní àárọ̀, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi" ní ọ̀sán, nígbà tí ọ̀rọ̀ wà àti nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Ọkọ náà a sì dáhùn láti inú oko pé, "Ìyá Ọdẹ́bùnmi, kí ló dé?" Àwa tí a jẹ́ aládùúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi ẹnu lo orúkọ ọmọ gbó kí ọmọ náà tó dàgbà lò ó.

Ọmọ náà ní ìwà kan. Bí bàbá rẹ̀ bá gbé ẹran ìgbẹ́ dé, ẹran ni yóò kọ́kọ́ kí. Yóò kúnlẹ̀ níwájú ìgalà tó ti kú, yóò ní, "Ẹ kú ìrìn o," kó tó wá dìde kí bàbá rẹ̀. Ọdẹ́rìndé, ọkùnrin tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà, a dúró gangan pẹ̀lú ìbọn léjìká títí tí ọmọ yóò fi kí ẹran tán.

Nígbà tí ọmọ yìí pé ọdún méje, ibà mú un. A lo àgbo títí, ibà kò lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó ìjọ, níbi tí dókítà obìnrin kan wà, òyìnbó tó ti ń hewú. Obìnrin náà ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sùn, kò jókòó jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ọmọ náà dákẹ́. Ògbufọ̀ kò sí nítòsí. Dókítà yìí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un: "Sọ́rì." Omi ojú rẹ̀ kán sí Ìbídùn lọ́wọ́.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe òkú ọ̀fọ̀. Kò sí àsè, kò sí orin, òbí kì í sì í mọ ibojì ọmọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé e lọ, wọ́n padà dé, wọ́n fọ ọwọ́. Àwọn àgbà wá jókòó, wọ́n ní kí Ìbídùn gbé ojú sókè, wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Baálé ilé wọn wá pa á láṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe orúkọ ọmọ náà nínú agbo ilé mọ́, kí inú ìyá rẹ̀ lè gbàgbé, kí òmíràn lè rí ọ̀nà wọlé. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó yíjú sí aya rẹ̀. Ọkùnrin ni, ọdẹ ni, kò sì mọ ohun mìíràn tí a ń sọ. Ó ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀? Bí wọ́n bá ní kí a má pe orúkọ ọmọ mọ́, kí ni kí aya wá pe ọkọ? Kí ni kí ọkọ pe aya? Nínú ilé yẹn, orúkọ ẹni mẹ́ta ni wọ́n sin lọ́jọ́ kan. Ọdẹ́rìndé á wọlé, á wúkọ́ kí aya lè mọ̀ pé òun ti dé. Aya á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á fi ìka kan abọ́ kó lè gbọ́ ìró rẹ̀. Ìbídùn fúnra rẹ̀ kì í jẹ ju òkèlè méjì lọ. Ó rù títí egungun ọrùn rẹ̀ fi yọ.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ó tó la ẹnu. "Ẹ gbọ́ ná," ó ní. "Kí ni òyìnbó yẹn sọ fún mi?"

Dókítà náà ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé fún ìsinmi, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí yóò padà. Ọdẹ́rìndé lọ bá Tíṣà Fákúnlé ní ilé ẹ̀kọ́. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó ní bí a bá tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀ ni à ń sọ ọ́, tàbí bí a bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọdẹ́rìndé mú èsì yìí délé.

Ìbídùn gbọ́ ọ, ó mi orí. "Ṣé ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ ni? Gbogbo ohun tí ẹ̀yin àti àwọn àgbà sọ fún mi ló yé mi, kò sì sí èyí tó wọ̀ mí lára nínú rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tí kò yé mi ni omi ojú bá wá. Ẹ bá mi wá ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i, n ó jẹun."

Ọ̀dọ̀ mi ni Ọdẹ́rìndé wá gba ìmọ̀ràn, ẹ̀yin ará. Ẹmu ọ̀sán ti wọ̀ mí lójú díẹ̀. Mo gbé àyà sókè, mo ní bàbá bàbá mi sọ fún mi pé lẹ́yìn Igbó Adákẹ́rọ́rọ́ ni ìlú kan wà tí gbogbo ọ̀rọ̀ ayé ń gbé nígbà tí ẹnu kò bá lò wọ́n; pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní bàbá àti ìyá níbẹ̀; pé èmi ìbá lọ fúnra mi, bí kì í bá ṣe orúnkún tó ń dùn mí. Kò sí ohun tó ṣe orúnkún mi. Ọdẹ́rìndé dúpẹ́, ó ní kí n máa bá òun bojú wo ilé. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó sì wọ inú igbó lọ. Ẹnu mi yìí ló rán an.

Ìró kò sí nínú Igbó Adákẹ́rọ́rọ́. Ẹyẹ ń la ẹnu, orin kò jáde. Odò ń ṣàn, kò ró. Ọdẹ́rìndé yìnbọn sókè, iná yọ, èéfín yọ, ṣùgbọ́n ìbọn náà kò dún. Ibẹ̀ ni iwin kan ti yọ sí i, ó ga bí ọ̀pẹ, etí sì bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, etí ńlá, etí kékeré, etí tó ń yí bí ti ẹṣin. Elétí-Igba ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń gbọ́ gbogbo ìró igbó náà tán tí kò fi kù fún ẹlòmíràn.

"Ta ni ọ́?" ni iwin náà bi í.

Ọdẹ́rìndé kò mọ ojo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀: "Èmi ọmọ afigbó-ṣe-yàrá! Èmi tí erin rí tó gbàgbé ìwo eyín rẹ̀! Èmi tí ìjì bá pàdé tó bi mí pé ọ̀nà ibo ni kí òun gbà!" Ṣùgbọ́n bí ó ti ń sọ ọ́ ni etí kọ̀ọ̀kan ń gbé e mì, kò sì sí èyí tó lè rántí mọ́ lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ tán. Bí oríkì rẹ̀ ṣe tán lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó wá ku orúkọ lásán fún un.

Elétí-Igba gbẹ́nu sókè, ó ní, "Ó dùn. Èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan fún ọ, bí o kò bá já a, wàá di etí kan lára mi. Mo bí ọmọ láìlóyún. Ọjọ́ tí mo bí i náà ló rìn. Mo ké sí i kó padà, kò padà. Kí n tó jókòó, ó ti di ìyá ọmọ nílé onílé. Kí ni?"

Ọdẹ́rìndé ronú. Ó rántí gbogbo ohun tí òun ti sọ fún aya òun tí òun ìbá fẹ́ kó padà sínú òun. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu ni." Iwin náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn etí rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ó ní, "Máa lọ. Àwọn tó ń wá ẹran nìkan ni mo máa ń dá dúró."

Lẹ́yìn igbó ni Odò Èébú wà. Gbogbo èébú tí ènìyàn ti bú ẹnìkejì láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń ṣàn níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ gbọ́ tirẹ̀. Omi náà dé kókósẹ̀, ó pè é ní òpònú. Ó dé orúnkún, ó pè é ní ọdẹ tí kò lè pa eku. Nígbà tó dé àyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá: akúrá, aláìlọ́mọ, ọkọ àgàn. Ó gbọ́ ohùn ìbátan rẹ̀ nínú omi náà, ó sì gbọ́ ohùn mi. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan rí ní ìdí ẹmu, mo rò pé afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Kí a má purọ́ fún ara wa, ẹ̀yin náà ní tiyín nínú odò yẹn. Ọdẹ́rìndé di imú, ó rì, ó gòkè sí òdìkejì.

Ó wá dé ìlú náà. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ ń rìn bí ènìyàn. Èdè kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ gba àdúgbò tiwa kọjá, níbi tí ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Ẹ-kú ti ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ jà lórí àwo: Ẹ-kú-iṣẹ́, Ẹ-kú-ìrìn, Ẹ-kú-ìjókòó, Ẹ-kú-ewu, Ẹ-kú-àṣejù, wọ́n pọ̀ débi pé òun pàápàá kò mọ iye wọn. Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà ni ó rí Ẹ-kú-ìrìn tó ń fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí àlejò, ẹ̀rín náà sì tán.

Ní àdúgbò àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bèèrè Sọ́rì. Wọ́n ní kó dúró, pé yóò kọjá láìpẹ́, kì í jókòó. Lóòótọ́ ni ọ̀dọ́kùnrin kan sáré kọjá, tínrín bí ọ̀bẹ tí wọ́n ti pọ́n jù. Ọdẹ́rìndé di apá rẹ̀ mú.

"Jẹ́ kí n máa lọ," ni Sọ́rì wí. "Ẹnì kan ti tẹ ẹnì kan lẹ́sẹ̀ lọ́jà, wọ́n ń pè mí. Ẹnì kan kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un, wọ́n ń pè mí. Ẹnì kan kò fẹ́ ṣe ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe, èmi náà ni yóò rán."

"Ẹ̀yin ni òyìnbó kan sọ fún aya mi nígbà tí ọmọ wa kú," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Kí ni ó rán yín?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà dúró. Ojú rẹ̀ sì wá rẹ̀wẹ̀sì. "N kò mọ̀ mọ́. Wọ́n ti lò mí débi pé mo gbàgbé ohun tí mo rù. Nígbà mìíràn, bí ẹni tó pè mí bá ń sunkún, nǹkan kan a máa ta mí níhìn-ín," ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, "ṣùgbọ́n kí n tó wò ó, ẹlòmíràn ti pè mí. Ìyá ńlá mi wà lórí òkè yẹn. Ẹ lọ bi í." Ó sì sáré lọ.

Ní ẹsẹ̀ òkè, ọkùnrin sísanra kan jókòó sójú ọ̀nà, ó wọ aṣọ dúdú, ó fi ọwọ́ lérán. Ọdẹ́rìndé rò pé bàbá Sọ́rì ni, nítorí ojú wọn jọ bí ìbejì. Ọkùnrin náà ní, "Gbogbo ayé ló ń ṣe àṣìṣe yẹn. Sọ́ro ni orúkọ mi, èmi ni wọ́n fi ń pe ìbànújẹ́. Wọ́n rò pé ìyá kan ló bí èmi àti Sọ́rì. Rárá o. Ilé àníyàn ni ilé baba mi, ilé egbò ni tirẹ̀. A gbé ara wa pẹ́ ni, a wá ń wú bí ara wa. Kọjá, ìwọ kọ́ ni mo ń dúró dè."

Lórí òkè náà, nínú ahéré kan, ni Ọdẹ́rìndé ti bá obìnrin arúgbó kan tí egbò là á láti èjìká dé ìdodo. Egbò náà rọ̀, ó pupa, bí ẹni pé àná ni wọ́n dá a sí i lára. Ọdẹ́rìndé tó jẹ́ ọdẹ, tó mọ ewé egbò, ti ń ṣí àpò.

"Fi ewé rẹ pamọ́," ni ìyá náà wí. "Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, n kò sì fẹ́ kó jinná. Sáàrì ni orúkọ mi. Orúkọ bàbá mi ni Egbò, ní èdè tí a ń sọ kí ọkọ̀ tó gbé ìran wa sọdá òkun dé erékùṣù àwọn òyìnbó. Àbúrò bàbá mi kan kù sí òdìkejì omi. Àwọn ará ibẹ̀ lò ó, wọ́n lò ó, títí tó fi di 'púpọ̀' lásán ní èdè wọn. 'Ó dùn púpọ̀,' 'ó tutù púpọ̀,' iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn títí dòní, ẹni tó ti jẹ́ ìrora rí. O ti rí ọmọ-ọmọ mi nísàlẹ̀. Èmi nìkan ló kù tí mo rántí."

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, kí ni ẹ túmọ̀ sí? Aya mi kò jẹun. Mo fẹ́ gbé e lọ fún un."

"Kò ṣe é gbé lórí, kò ṣe é kì sínú àpò. Ní ayé ìgbà tèmi, kò sí ẹni tó ń la ẹnu pè mí àyàfi ẹni tí egbò wà lára rẹ̀. Fi tìrẹ hàn mí."

"Èmi? Kò sí nǹkan lára mi, ìyá. Ọkùnrin ni mí. Omi ló dànù, agbè kò..."

"Kí ni orúkọ ọmọ náà?"

Ọdẹ́rìndé la ẹnu, ó pa á dé. "Wọ́n ní kí a má pè é mọ́."

"Ta ni wọ́n? Ta ló wà níhìn-ín?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin yìí ti bá ẹkùn wọ̀yá ìjà rí, ẹ̀yìn ẹkùn ló kan ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni ó rí ìjà. Ahọ́n rẹ̀ wúwo bí ìtì igi. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kíní, òógùn bò ó. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣubú lórí orúnkún. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ó ké e: "Ọdẹ́bùnmi!" Àyà rẹ̀ sì la. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, n kò pa òwe: ẹran àyà rẹ̀ là níwájú ìyá náà, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Ó sunkún bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́jà. Ó sunkún nítorí ìgalà tí ẹnikẹ́ni kò ní kí mọ́.

Ìyá náà jẹ́ kó sunkún tán. "Ó ti dọ́wọ́ rẹ nísinsìnyí," ó ní. "Ohun tí òyìnbó yẹn sọ fún aya rẹ ni pé, 'Egbò wà lára mi.' Kò tù ú nínú, kò sì sọ ohun tó kù fún un. Ó ṣí àyà rẹ̀ fún un ni. Bóyá òun náà ti sin ọmọ rí, n kò mọ̀. Ìwọ ńkọ́? Kí ni o sọ fún un?"

Ọdẹ́rìndé sọ ọ́ fún un. Ìyá náà wo àyà rẹ̀ tó là. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìgbà wo lo kúrò nílé?"

"Bí ogún ọjọ́, ìyá."

"Háà," ni Ìyá Sáàrì wí. "Ogún ọjọ́ ti ọ̀dọ̀ wa. Sáré, ọmọ mi."

Ó sáré. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé nígbà tó ń sáré.

Òfin ẹgbẹ́ ọdẹ wa ni pé bí ọdẹ bá wọ igbó, tí a bá jẹ iṣu tuntun lẹ́ẹ̀mẹta láìrí i, ó ti kú nìyẹn, a ó sì ṣí ìpà rẹ̀. A ó kó aṣọ ọdẹ rẹ̀ àti irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó, a ó sun ìrèmọ̀jé, a ó yọ ọ́ kúrò láàárín alààyè. Iṣu tuntun kẹta jáde. Wọ́n ní ta ni yóò ṣáájú. Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohùn mi ló sì dùn jù. Mo kó aṣọ Ọdẹ́rìndé lọ, mo sun ìrèmọ̀jé náà débi pé àwọn àgbà ọdẹ nu ojú, inú mi sì dùn sí ohùn ara mi lọ́jọ́ náà. Ọlọ́run gbọ́ mi, inú mi dùn.

Ìbídùn fá orí, ó ṣe opó, ó pé. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wá mú un lọ sí abúlé wọn. Wọ́n fi í fún àgbẹ̀ kan, Bámgbádé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ọ̀pẹ rẹ̀ pọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, nítorí ara kì í bá ẹni kẹ́dùn títí láé. Ó bí ọmọkùnrin kan, Bọ́lárìnwá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bú Ìbídùn, kó kọ́kọ́ bú mi.

Ọdún kẹfà pé. Mo wà lóko lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ojú sókè, mo rí Ọdẹ́rìndé tó ń bọ̀ láti inú igbó pẹ̀lú àyà lílà. Èmi tí mo ní kí ọ̀nì sún fún mi, mo ju ọkọ́ nù, mo sá. Orí ebè ni mo ti ṣubú tó fi bá mi. Ó pè mí lórúkọ, ó ní òun kò kú. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìpà, opó, Bámgbádé, ọmọ. Ó gbọ́ ọ tán, kò lù mí, kò bú mi. Ó ní, "Mú mi débẹ̀. Ó rán mi níṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ."

Ìdí ẹkù ni a bá wọn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń tẹ epo. Ìbídùn wà láàárín wọn, epo dé orúnkún rẹ̀, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn yòókù ń pè é pé, "Ìyá Bọ́lárìnwá, bu omi wá," "Ìyá Bọ́lárìnwá, yọ èèhà ẹyìn yẹn." Ó ti sanra díẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn igi ọ̀pẹ, ojú ń tì mí. Ọdẹ́rìndé kò wọ àárín wọn, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì pè pé:

"Ìyá Ọdẹ́bùnmi."

Ara Ìbídùn ti yí kí ọkàn rẹ̀ tó mọ ẹni tó pè é. Àwọn obìnrin yòókù ké, wọ́n sá, wọ́n ní òkú ni. Òun kò sá. Ó jáde kúrò nínú ẹkù, ó rìn wá pẹ̀lú epo tó ń ro tó, tó tó, lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Egbò wà lára mi," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Ohun tó sọ fún ọ nìyẹn. Ohun tí èmi náà ìbá sọ nìyẹn."

Ìbídùn na ọwọ́, ó fi ìka tó kún fún epo tọ ojú egbò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ tún un pè."

"Ọdẹ́bùnmi."

"Ẹ tún un pè."

Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi ya. Obìnrin náà sunkún, kò bo ojú. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń pè é sínú ìkòkò omi, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń dá nìkan pè é. N kò rán yín lọ jìnnà o. Ibi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti wá a."

Ọmọ ẹ̀yìn Ìbídùn jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Láti inú abúlé, ohùn ọkùnrin kan pè, kò le, kò bínú: "Ìyá Bọ́lárìnwá! Ọmọ ń ké o!"

Ó fi apá nu ojú, epo sì kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ àtijọ́ lórí ilẹ̀ elépo náà. "Ó dàárọ̀," ó ní, "Bàbá Ọdẹ́bùnmi." Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀yin mọ̀ pé òkú ni à ń kí báyẹn lọ́sàn-án. Ó dìde, ó sún ọmọ sókè lẹ́yìn, ó sì jẹ́ ìpè náà, ó ń lọ.

Mo jáde lẹ́yìn ọ̀pẹ, mo dúró ti Ọdẹ́rìndé. Èmi tí òwe kì í tán lẹ́nu mi, mo wá a, n kò rí ọ̀kan. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ni. A dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí wa.

Ibi tí mo ti gbọ́ ọ dé nìyẹn, ibi tí mo ti rí i dé nìyẹn. Ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín, kí olúkúlùkù máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà nínú yín tó ti sin ọmọ rí, kó má tíì lọ. Kó wá jókòó tì mí díẹ̀ níhìn-ín, kó sọ orúkọ ọmọ náà fún mi.